Ọlọ Ìyé Bọ̀dúndé

Ọlọ Ìyé Bọ̀dúndé ti jìn láàárín
bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń gba omi mu.
Ogójì ọdún ata, ogójì ọdún ẹ̀gúsí.
Mo ní, "Ìyé, níbo ni òkúta tó dín yìí wọlé sí?"
Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ jẹ ẹ́."

Àpáta tí wọ́n ti gé e ṣì ń bẹ
lẹ́yìnkùlé wa ní Ìsánlú.
Kó tó le báyìí, ó ti ṣàn rí,
ó hó kùtùkùtù bí ẹ̀kọ inú ìkòkò,
ilẹ̀ fi ọmọrí dé e,
ó ń tutù, ó ń tutù,
títí ẹyọ dídán fi hù nínú rẹ̀.
Ta ló wá ṣí ọmọrí?
Òjò ni, òjò tí kì í kánjú,
àti gbòǹgbò ọdán tó ki ìka bọ inú ẹ̀là.

Ohun tó bá rún, Ọ̀yì á gbé e,
á gbé e fún Ọya.
Mo gun òkè Lọ́kọ́ja lọ́dún tó kọjá,
mo fọwọ́ ra òkúta ibẹ̀:
iyanrìn ni!
Iyanrìn odò àtijọ́ tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn,
tó dì mọ́ra, tó tún padà dòkè.
Mo bi í pé ta ni bàbá rẹ̀.
Kò fèsì.

Lálẹ́ àná, lẹ́nu ọbẹ̀ Ìyé,
nǹkan kán kẹ́ké lábẹ́ eyín mi.
N ò tu ú.
Mo gbé òkè mì.