Obì Tí Kò Sí Lẹ́nu

Ní Ṣàgámù, lẹ́yìn Sábó,
níbi tí wọ́n ti ń fi ewé di obì sínú apẹ̀rẹ̀,
wọ́n ní bàbá mi ń jẹ lára ọjà ọlọ́jà.
Ẹnu rẹ̀ ń lọ. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.
Ahọ́n á yọ bí ọmọ alángbá tó ń yọjú wòta,
á tún padà wọlé.
Alájì Dàúdà ní, "Odùfúwà, yanu."
Ó yanu.
Kò sí obì níbẹ̀. Eyín ló wà, àti itọ́.

Ọdún kọkàndínlógún rèé
tó ti ń lo oògùn funfun wẹ́wẹ́ yẹn,
láti ìgbà tí ògiri ti ń pè é lórúkọ lóru,
tó fi igi ìdáná lé ìyá mi jáde.
Oògùn náà ṣiṣẹ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.
Ògiri dákẹ́. Ìyá mi padà wá.
Lọ́dún kejì, wọ́n bí mi.

Dókítà Ògúnbánwọ̀ fi bírò ya ilé kékeré sẹ́yìn káàdì:
"Ìránṣẹ́ kan wà nínú ọpọlọ, dopamíìnì lorúkọ rẹ̀.
Ti bàbá rẹ ń pariwo jù,
oògùn wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kó wọlé.
Ṣùgbọ́n ilé tí kò gbóhùn àlejò fún ọdún gbọọrọ
á bẹ̀rẹ̀ sí í hu etí sára ògiri.
Lónìí, bí ìránṣẹ́ bá húkọ́ lásán,
gbogbo ará ilé a ta gìrì."

Ó rí i pé kò tíì yé mi.
"Ìyá ẹ ńkọ́, ṣé ó ń jẹyọ̀?"
Rárá. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọdún mẹ́fà.
Mo rántí ìkọ́kọrẹ́ ìkómọ kan ní Ìpẹru,
tí gbogbo wa ń pọ́n ọwọ́ lá,
tí ìyá mi tu ú dà nù:
"Ta ló da òkun síbí?"

Ìkọ́kọrẹ́ kò yí padà.
Ahọ́n ló yí padà.

Mo ní kó dá oògùn dúró nígbà náà.
Dókítà mi orí.
Bí a bá ṣílẹ̀kùn lójijì fún etí tó pọ̀ tó báyìí,
ògiri lè tún sọ̀rọ̀, kó má sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ mọ́.
A ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń bó obì, tí kò fẹ́ kí èékánná ha á.

Lálẹ́, bàbá mi jókòó sórí àpótí,
ó ń ṣa pupa sọ́tùn-ún, funfun sósì.
Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣi ẹyọ kan.
"Ṣé ojú ń tì ẹ́?" Kò wo ojú mi.

Mo sanwó obì kan fún Alájì,
mo là á,
mo fi awẹ́ kan sí i lẹ́nu.
Bí wọ́n bá tún ní kó yanu,
kó rí nǹkan fi hàn wọ́n.