Kànga Ojúlé Kẹtàdínlógún

Ní Òkè-Pópó, kànga fẹ̀yìn ti ṣáláńgá.
Òjò rọ̀ lóru Ọjọ́rú,
wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lábẹ́ ilẹ̀.
Omi mọ́ gaara nínú kọ́ọ̀bù.
Múfútáù mu ún tán.

Kòkòrò tí ojú ò rí kì í kanlẹ̀kùn:
ó la omi kíkan inú já,
ó dé ìfun, ó tẹ́ ẹní,
ó bí igba, igba bí ẹgbàá,
ìfun di ẹ̀rọ tí kò ṣeé tì.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú ọmọ ti jìn.
Ìyá rẹ̀ ń kán omi oníyọ̀-oníṣúgà sí i lẹ́nu,
ṣíbí kan, sùúrù kan.

Mo bojú wo kànga.
Ó mọ́. Ó mọ́ gan-an ni.
Mo lọ ra kẹrosíìnì.