Àkísà Bàbá Mi

Nínú yàrá abẹ́ ilé wa ní Bristol,
níbi tí ọ̀rinrin ti ń jẹ ògiri bí ẹni jẹ búrẹ́dì,
bàbá mi, Linval Pottinger, ọmọ Jàmáíkà,
kan àpótí mẹ́fà fún ohùn.
Pákó ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n wó ló fi kàn wọ́n;
ọkùnrin mẹ́rin ní í gbé ẹyọ kan.
Bó bá tan iná sí wọn lálẹ́ Sátidé,
àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa kí ara wọn,
èmi ọmọ ọdún méje á dùbúlẹ̀ lókè,
báàsì á gba ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì gòkè wá,
á jókòó sí mi láyà bí ológbò tó sanra.

Rẹ́gẹ̀ ni. Kì í kánjú.
Ó ń rìn bí onílé tó mọ̀ pé ilé òun kò ní sá lọ.
Ó fo ìkíní, ó tẹ ìkẹta mọ́lẹ̀,
àlàfo àárín wọn ni bàbá mi máa ń mi orí sí.
“Ibi tí a kò lù,” ni ó máa ń wí, “ibẹ̀ ni orin ń gbé.”
Láàárọ̀ Mọ́ńdè, á padà sí gáréèjì
lọ máa fọ bọ́ọ̀sì fún àwọn tí kò lè pe orúkọ rẹ̀.

Ọdún gorí ọdún.
Ọlọ́pàá kó àpótí méjì, ọ̀rinrin jẹ méjì.
Etí bàbá mi ń kú lọ, ti òsì ló kọ́kọ́ lọ.
Àwọn àwo orin rẹ̀ wà nínú páálí ọ̀gẹ̀dẹ̀,
wọ́n ti họ, wọ́n ti gbó,
ojú wọn rí bí àtẹ́lẹsẹ̀ alágbàṣe.

Leighton àbúrò mi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí bọ́tìnì rẹ̀ ti yọ,
ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí fún odindi ìgbà òtútù.
Ohun tí mo ń gbọ́ láti ìta:
ìlù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ bí ẹ̀fọ́,
tó ń sáré wá ara rẹ̀ kiri,
bí ogún ọmọ tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo.
Ó ní jọ́ńgù ni wọ́n ń pè é.
Ìyá mi ní, “Igbó wo ló wà ní Bristol?”

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà,
kò lè ní àkísà tó àgbà.
Wọn kò sọ pé ó lè jí ti àgbà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ àwọn Leighton jóná
nínú ilé ìkẹ́rù òfìfo kan lẹ́bàá odò.
Ó sáré wálé, ó ní kí bàbá yá òun ní àpótí méjì tó kù.
“Ariwo yẹn? Nínú àpótí mi?”
Síbẹ̀ ó wọ kóòtù Sọ́ńdè rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn,
kí wọ́n má baà fi etí pákó gbá ògiri.

Èéfín. Òógùn. Ọmọ funfun, ọmọ dúdú, ọmọ bíi tiwa,
gbogbo wọn ń fò bí àgbàdo nínú ìkòkò gbígbóná.
Bàbá mi fajú ro. Kò gbọ́ nǹkan kan tó dáa.
Ó na ọwọ́, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí
bí dókítà tó ń wá ọkàn.

Lókè, ìlù ń sá eré àsápajúdé.
Nísàlẹ̀, báàsì ń rìn.
Ìrìn rẹ̀ ni. Ìgbésẹ̀ kan sí méjì ti ìlù,
kò kánjú,
ilé kò sá lọ.
Lẹ́yìn náà, pọ́kí.
Ó yí, ó tún yí, pọ́kí,
ojú ọgbẹ́ inú àwo kan
tí ẹlòmíràn kò lè dá mọ̀.

Àwọn ọmọ ń jó ìlù.
Bàbá mi ń mi orí sí àlàfo.

Ní aago mẹ́rin òru, nínú fáànù tó ń lọ sílé,
kò bá Leighton wí, kò yìn ín.
Ó kọjú sí mi, ó fi etí ọ̀tún sílẹ̀:
“Ta ló fi fọ́ọ̀kì họ àwo mi?”
Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Mo ń wo ojú fèrèsé.