Omi Kọlà fún Ilé Wa

Dáàmù ni wọ́n ń pè é lókè odò lọ́hùn-ún;
kó tó dé Ajégúnlẹ̀ Ìkòròdú, ó ti di dààmú.
Wọ́n ṣí i lọ́jọ́ Ẹtì, wọn ò ránṣẹ́.
Àwa kàn rí i pé ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ ibùsùn ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò.
Nígbà tó ń lọ, ó kọlà fún gbogbo ògiri,
ilà kan ṣoṣo, dúdú, gbọọrọ,
ó dé èjìká mi, ó ga ju orí ọmọ mi lọ.
Omi ò béèrè ta ni onílé, ta ni ayálégbé.
Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alága àdúgbò, ilé pákó Kójó ará Tógò,
ilà kan náà ló kọ fún wọn bí ọmọ ìyá.

Ọ̀gbẹ́ni Akọ̀wé, ẹ dé lọ́jọ́ Àlàmísì
pẹ̀lú bàtà rọ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú páálí.
Ẹ dúró sójú títì, ẹ ṣí ìwé,
ẹ kọ ilé epo, ẹ kọ ṣọ́ọ̀ṣì onígíláàsì,
ẹ kọ ilé mẹ́sàn-án tó kọjú sí yín.
Ẹ wá wo ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa, níbi tí pákó afárá ti ń mì,
ẹ wo bàtà yín,
ẹ ní, "Ó tó báyìí. A ó padà wá."

Ìrẹsì dé. Fóòmù dé.
Wọn ò kọjá ojú títì.

Kójó lọ tò. Wọ́n ní kó mú risíìtì owó ilé wá.
Risíìtì!
Ilé gan-an ló bá omi lọ,
ẹ ń wá bébà tó wà lápò ṣòkòtò tó wà nínú ilé.
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò dùn ún gbọ́.

Bí ẹ bá ti rìn díẹ̀ sí i,
ẹ̀ bá bá Súfíánù aránbàtà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e,
tó lo òru méjì lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń ka ejò tó ń kọjá.
Ó ní mẹ́rin ni.
Ìyàwó rẹ̀ ní méjì péré, ìyókù okùn ni.

Ẹ̀ bá sì dé ọ̀dọ̀ Fadérera.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò gbọ́rọ̀.
Lóru tí a ń lu páànù, tí a ń ké "Omi o!",
oorun ló ń sùn.
Omi ló kọ́kọ́ bá etí náà sọ̀rọ̀.
Ẹfúnyẹmí, ìyá àgbà rẹ̀, fọwọ́ wá a nínú òkùnkùn,
ó gbé e lé èjìká, ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́,
arúgbó tí kì í dá gbé garawa omi.

Ilẹ̀ ti gbẹ báyìí, ẹrẹ̀ ń bó bí ìpẹ́ ẹja.
Àwọn ará ojú títì ti kun ilé wọn,
ilà ti kúrò lójú wọn.
Tiwa ṣì wà. A ò ní owó ọ̀dà.
Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìran tí a jẹ́, kó wo ojú wa.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa wá, ẹ má wá lọ́sàn-án.
Ẹ wá lóru, nígbà tí òjò bá ṣú.
Ẹ ó bá àwọn méjèèjì lórí ẹní kan,
okùn ìsáṣọ kan láàárín wọn:
wọ́n so orí rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ arúgbó,
wọ́n so ìdí rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ.
Bí òjò bá kán tó lórí páànù,
Ẹfúnyẹmí á rọra fa okùn náà.
Fadérera á fà á padà.