Igun Kẹta

Òtútù ń bu ni jẹ létí odò Sajó lóru ọjọ́ náà.
Èmi ni mo wà nídìí òpó irin,
tí mò ń kọ ìwọ̀n ìgbóná sínú ìwé ní wákàtí-wákàtí:
márùndínlọ́gọ́ta àti ààbọ̀.
Márùndínlọ́gọ́ta àti ààbọ̀.
Kò lọ, kò bọ̀.

Asitóònù nìkan, ó di mẹ́rìndínlọ́gọ́ta kó tó hó.
Mẹ́tánọ́ọ̀lù nìkan, ó ku díẹ̀ kó pé márùndínláàádọ́rin.
Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé, mẹ́rin sí ẹyọ kan,
wọn a hó kí èyíkéyìí tó dá hó,
wọn a gòkè bí wọ́n ṣe wà nílẹ̀,
wọn a sọ̀ bí wọ́n ṣe gòkè.
Ooru ò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ pè.

Ọ̀gá Gyarmati ní ká fi àwo kún àwo inú òpó.
Ogójì ò tó? Kó di ọgọ́rin!
Ó ti bá àwọn wẹ́dà Miskolc dúnàádúrà.

Etelka ò fèsì.
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, ó fa pẹ́ńsù yọ létí,
ó ya onígun mẹ́ta sẹ́yìn ìwé owó oṣù mi.
Igun kan, asitóònù. Igun kan, mẹ́tánọ́ọ̀lù.
Ó tẹ àmì kékeré sórí ìlà tó so wọ́n pọ̀:
"Ibí ni wọ́n ti di ọ̀kan.
Ẹ kọ́ òpó yìí kó kan òṣùpá,
ibí náà ni yóò pàdé yín lókè."
Gyarmati rẹ́rìn-ín ẹni tó ti san àsansílẹ̀.

Ó kọ klorofọ́ọ̀mù sí igun kẹta.
Àwọn ìlà wé bí ìrù ológbò,
wọ́n di ògiri níbi tí à ń wá ilẹ̀kùn.
Ó pa á rẹ́.
Igun kẹta ṣófo títí tíì rẹ̀ fi tutù.

Ó wá wo inú ife,
ó wò ó pẹ́,
ó kọ ọ́: omi.

Omi, tí kì í tètè hó.
Kó gba òkè wọlé, kó máa ro wálẹ̀ láti àwo dé àwo,
kó di mẹ́tánọ́ọ̀lù lápá mú, kó fà á lọ sísàlẹ̀,
kí asitóònù máa dá bá ooru lọ.
"Ó ṣeé ṣe," ó wí, "bí omi bá tó,
bí owó iná ò bá pa wá.
Ṣùgbọ́n ṣíṣeéṣe, kò tíì jẹ́ ṣíṣe."

Nílé, Boriska ìyàwó mi gba ìwé owó oṣù,
ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ wò.
Ó ní: ta ló ya òrùlé tí ò ní ilé yìí?

Mi ò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀.
Mo ní kó fún mi ní omi.