Eegun Ẹja

Èmi ni mo ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà
ní sinimá àtijọ́ tó wà létí odò ní Chandannagar,
níbi tí àdán ti sọ àjà di ilé,
tí àga mẹ́rìnlá kò sì lẹ́yìn mọ́.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi fíìmù Sharbani hàn.
Kò sí ijó níbẹ̀, kò sí ìbọn,
kò sí gbajúmọ̀ kankan tí ojú mọ̀.
Ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló tà tó fi ṣe é.

Ìtàn náà kò gùn:
opó kan, ọmọ Bírámínì,
àti ọkùnrin tó sun òkú ọkọ rẹ̀ létí omi,
ọkùnrin ìran Dom,
tí ẹnikẹ́ni kì í gba omi mu lọ́wọ́ rẹ̀.
Iná kú lórí òkú,
iná ràn níbòmíì.

Àwọn tó ń fi kálàmù jẹun bá dé láti Kolkata.
Anadi Lahiri kọ ọ́ pé ẹ̀gbin ni,
pé ọmọbìnrin yìí ta ẹrẹ̀ sí aṣọ funfun àwọn ìyá wa.
Bẹ́ẹ̀, ìyá tirẹ̀ ń bẹ ní Banaras,
ọdún kejìlá rèé, kò rí lẹ́tà kan gbà.
Ẹnìkejì ní iṣẹ́ akin ni,
ó kọ “akin” lẹ́ẹ̀meje,
ó sì ti sùn kí wọ́n tó dé etí odò;
mo gbọ́ bó ṣe ń hanrun.
Mrinmoyee yin ìmọ́lẹ̀, ó yin èéfín,
ó ní kámẹ́rà náà ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán,
ó gbàgbé pé ènìyàn méjì dúró níwájú kámẹ́rà.
Ti Delhi kò wò ju ìdajì lọ,
ọkọ̀ ojú irin ló ń lé;
ìdajì tó kù, ó fọkàn rò ó, ó kọ ọ́,
ó sì dùn ju ti gbogbo wọn lọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, àwọn ọ̀dọ́ kan gbé kẹrosíìnì wá,
wọ́n dáná sun pósítà lójú mi.
Ọ̀kan nínú wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
ó ní ṣé tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sán ṣì kù.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí,
Bishu ẹlẹ́pà ti ń fi ọ̀rọ̀ wọn pọ́n ẹ̀pà.
Sharbani ra ti rúpìì mẹ́wàá,
ó jẹ ẹ́ tán, ó tú bébà,
ó bá “ẹ̀gbin” níbẹ̀, epo ti jẹ́ kó mọ́ gaara.
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ojú.

Ṣùgbọ́n màmá kan wà, Khiroda,
aṣọ funfun tí kò láwọ̀ létí, orí tí a gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá,
tó ń tú owó ẹyọ nínú kókó etí aṣọ.
Kò sunkún. Kò pòṣé.
Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó di Sharbani mú lórí àtẹ̀gùn:
“Ọmọ mi, ẹja tí obìnrin yẹn jẹ nígbẹ̀yìn,
ṣé ẹja gidi ni?”
“Gidi ni, Màmá. Ilish ni. Ó wọ́n bí wúrà lọ́jọ́ náà.”
Màmá dákẹ́.
Ọdún mọ́kànlélógójì tí ọkọ rẹ̀ ti kú
ni ẹja kò ti kan eyín rẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ lòfin wí; ebi kì í sì í pa òfin.

Mo ti ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ,
àwọn tó bú u, àwọn tó gbé e gẹ̀gẹ̀.
Wọ́n ka iye ìgbà tí ìka kan ìka,
wọ́n wo ìran, wọ́n wo àwọ̀,
wọ́n wo ibùsùn tí a kò tiẹ̀ fi hàn.
Ẹnì kan kò kọ ọ́
pé ilish léegun bí irun orí,
pé ọwọ́ tí ọkùnrin náà fi ń kó eérú òkú
ló fi ń yọ eegun náà lábẹ́ fìtílà,
ó ń yọ ọ́, ó ń yọ ọ́,
kó tó gbé ẹja sí i lẹ́nu.

“Ó pẹ́ kó tó yọ ọ́ tán,” ni Khiroda wí.
Ó nawọ́, ó ń wá ohun tí yóò dì mú sọ̀kalẹ̀.
Mo fún un ní apá mi.
Kò béèrè ìran mi.