Òfo Lèrè Wa

Ọjọ́ tí mò ń lọ forúkọ sílẹ̀, ìyá mi gbàdúrà lẹ́nu ọ̀nà Arówómọlé:
"O ò ní mú òfo bọ̀ wálé."
Mo ní àmín. N kò tíì mọ ohun tí mò ń ṣàmín sí.

Kaṣú ni ìyá mi ń yan.
Òróró èèpo rẹ̀ ti bó o níka títí ó fi dẹ́kun kíka àpá.
Iná tí ó mọ̀, ó ní èéfín, ó ní òórùn.
Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un
iná tí kò rú, tí kò ta,
tó jẹ́ lẹ́yìn ogún ọdún ló ń wá jẹ́ orúkọ rẹ̀?

Ọ̀mọ̀wé Oyèlàkin kò fi ẹ̀rù bà wá.
Ó gbé òkúta kan sórí tábìlì, irú èyí tí wọ́n ń là lẹ́yìn ìlú,
ó tan ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀,
ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí gúgúrú.
Gbàdébọ̀ fẹ́ gba ojú fèrèsé jáde.
"Jókòó. Èyí ti wà nínú ògiri ilé bàbá rẹ kí wọ́n tó bí i.
Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń dún ló ń pani.
Kí o mọ iye rẹ̀, iṣẹ́ rẹ nìyẹn."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ kíláàsì:
"Bí o bá sún sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ni yóò bá ọ."
A ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ bí àwọn tó fẹ́ pín ogún.
Òjé wúwo, ó ní, ṣùgbọ́n pósí wúwo jù ú lọ.

Ọdún kẹrin, ọsibítù, ọyẹ́ ń gbẹ ètè.
Dókítà àgbà pe ìyá ọlọ́mọ kan wọ yàrá:
"Di ọmọ rẹ mú, ó ń jà."
Obìnrin náà lóyún. Kò sẹ́ni tó bi í.
Aṣọ òjé wà lórí ìkọ́, eruku ti bò ó.

"Ẹ dúró, sà."
Ohùn mi kéré. Mo tún un sọ.
Gbogbo yàrá wò mí bí ẹni tó tutọ́ sínú ọbẹ̀.
Mo sáré pe bàbá ọmọ lábẹ́ igi máńgòrò,
mo gbé aṣọ òjé wọ̀ ọ́, orúnkún rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀.
Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Kò dúpẹ́. Kí ló fẹ́ dúpẹ́ lé lórí?

Lópin oṣù wọ́n ka báàjì àyà wa.
Òfo ni wọ́n kọ síwájú orúkọ mi.
Mo mú ìwé náà lọ bá ìyá mi nídìí iná:
"Ìyá, mo mú òfo bọ̀."
Ó wo ojú mi, ó nu ọwọ́ nù mọ́ ìró.
"Ṣé wọ́n ń sanwó fún un?"
Mo ní wọ́n ń san, bí ìjọba bá rántí.
Ó ko igi síná.
"Sún sẹ́yìn díẹ̀," ó ní, "òróró yìí máa ń ta."